Orúkọ fún Ọlọ́lá, Iye fún Mẹ̀kúnnù: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Ìtàn Lórí Àwọn Gómìnà àti Ọ̀gágun Lárúbáwá Nígbà Ọ̀tẹ̀ Àwọn Berber, 740 sí 743

Ìfáárà

Ní ọdún 740, àwọn Berber tí wọ́n ń gbé ní agbègbè Tangier, ní ìhà àríwá ilẹ̀ tí à ń pè ní Mòrókò lónìí, dìde sí àwọn aláṣẹ Lárúbáwá tí ìjọba Umayyad ti Dàmásíkù fi jẹ lé wọn lórí. Wọ́n pa ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní ìlú náà. Kí ọdún 741 tó parí, wọ́n ti ṣẹ́gun ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì, èkejì nínú wọn sì ni èyí tí kálífà Hisham ibn Abd al-Malik rán láti Síríà. Apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Maghrib kò padà sábẹ́ Dàmásíkù mọ́. Nínú gbogbo àdánù tí ó bá ìjọba Umayyad kí ó tó wó ní 750, díẹ̀ ni ó tó èyí.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò kì í ṣe ogun náà bí kò ṣe ọ̀nà tí àwọn òpìtàn gbà sọ ìtàn rẹ̀. Ìwé tí ó wà nílẹ̀ kò pọ̀. Ibn Abd al-Hakam ará Íjíbítì, tí ó kú ní 871, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ìwé wọn pẹ́ jù lọ ní èdè Lárúbáwá lórí ọ̀rọ̀ Maghrib. Al-Tabari, tí ó kú ní Baghdad ní 923, mẹ́nu kàn án níbi díẹ̀. Ibn Idhari kọ tirẹ̀ ní Marrakesh ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ibn Khaldun, tí a bí ní Tunis ní 1332 tí ó sì kú ní Cairo ní 1406, fi apá ńlá nínú ìwé rẹ̀ sọ ìtàn ìran Berber. Ìwé kan tún wà ní èdè Látìnì, tí Kristẹni kan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ kọ ní Sípéènì, tí ìtàn inú rẹ̀ dé ọdún 754. Ìyẹn nìkan ni a kọ nígbà tí àwọn tí wọ́n ja ogun náà ṣì wà láàyè. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó ti ọwọ́ àwọn tí wọ́n dìde ogun wá.

Àgbà òṣìkà ni agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, lámèyítọ́ tí yóò sì dá ẹjọ́ yìí kò rí ẹlòmíràn pè wá jẹ́rìí. Ohun tí ó kù fún un ni pé kí ó fetí sí bí ẹlẹ́rìí tí ó wà níwájú rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀: ibi tí ó ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, ibi tí ó ti yára kọjá, àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

Àbá tí àpilẹ̀kọ yìí dá ni pé àwọn òpìtàn wọ̀nyí sọ ogun náà di ìtàn ìwà gómìnà. Gómìnà burúkú ni ó fà á, ìjà láàrin àwọn ọ̀gágun ni ó jẹ́ kí ó burú sí i, gómìnà rere ni ó pa iná rẹ̀. Bí ìtàn bá ti rí báyìí, kò sí ohun tí ó kù fún Berber láti ṣe nínú rẹ̀ ju pé kí wọ́n bínú, kí wọ́n sì kú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó tako irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà nínú àwọn ìwé kan náà, fún ẹni tí kò bá kánjú. Ọ̀rọ̀ náà "ọ̀tẹ̀" tí ó wà nínú àkọlé pàápàá kò mọ́ kúrò nínú ẹjọ́ yìí, nítorí ẹni tí ó wà lórí àga ni ó ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ọ̀tẹ̀. A lò ó nítorí pé òun ni ó bá ohun tí ó wà nínú ìwé mu, kì í ṣe pé a ti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ọwọ́ tí Gómìnà Fẹ́ Fín

Qayrawan, tí Uqba ibn Nafi tẹ̀ dó ní 670, ni olú-ìlú ẹkùn Ifriqiya. Láti ibẹ̀ ni gómìnà ti ń ṣàkóso ilẹ̀ tí ó na apá lọ sí òkun ìwọ̀-oòrùn, nígbà mìíràn pẹ̀lú al-Andalus ní òdìkejì òkun. Nígbà tí ọ̀rúndún kẹjọ bẹ̀rẹ̀, àwọn Berber tí wọ́n ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun; àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí Tariq ibn Ziyad kó wọ Sípéènì ní 711. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni bóyá Mùsùlùmí bí àwọn yòókù ni wọ́n, tàbí ẹni tí a ṣẹ́gun.

Gómìnà kan gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè náà ní kíákíá. Yazid ibn Abi Muslim ti jẹ́ akọ̀wé fún al-Hajjaj, gómìnà Iraq tí gbogbo ayé mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ le. Ó dé Qayrawan ní 720, kò sì pẹ́ níbẹ̀ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ Berber fi pa á. Gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn Íjíbítì àti Maghrib ti sọ ọ́, ohun tí ó fà á ni pé ó fẹ́ fín orúkọ ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan sí i ní ọwọ́ ọ̀tún, kí ó sì fín ọ̀rọ̀ tí ó fi hàn pé ẹ̀ṣọ́ gómìnà ni sí i ní ọwọ́ òsì, bí wọ́n ṣe ní àwọn ọba Róòmù ń ṣe. Al-Tabari kò bá ti ọwọ́ fífín lọ. Tirẹ̀ ni pé Yazid fẹ́ ṣe fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn ohun tí al-Hajjaj ṣe ní Iraq: kí ó dá wọn padà sí abúlé wọn, kí ó sì máa gba owó orí tí àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ń san lọ́wọ́ wọn.

Ìyàtọ̀ yìí ju pé òpìtàn kan gbọ́, èkejì kò gbọ́. Ẹni tí ó wà ní Baghdad mọ ọ̀ràn owó orí láti Iraq, ó sì fi ohun tí ó mọ̀ ṣàlàyé ohun tí ó jìnnà sí i. Ìtàn ti ìwọ̀-oòrùn kò sọ ti owó rárá. Ọwọ́ ni ó sọ, ọwọ́ tí ó ń di idà mú fún gómìnà, tí gómìnà wá fẹ́ sàmì sí bí ẹni ń sàmì sí ẹran ọ̀sìn. Ọ̀nà méjèèjì já sí ibi kan náà, nítorí ẹni tí a dá padà sí ipò ẹni tí a ṣẹ́gun àti ẹni tí a fín lọ́wọ́ ti kúrò ní ará, wọ́n ti di ohun-ìní. Ṣùgbọ́n ti ọwọ́ fífín ni ó dà bí ohun tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn máa rántí, tí wọn yóò sì máa sọ fún ọmọ wọn.

Ìparí ìtàn Yazid ni ó yẹ kí òǹkàwé dúró lé lórí. Àwọn tí wọ́n pa á kọ̀wé sí kálífà Yazid Kejì pé àwọn kò yọwọ́ nínú ìtẹríba, pé ohun tí Ọlọ́run àti Mùsùlùmí kò lè gbà ni ọkùnrin náà ṣe. Kálífà dá wọn láre. Ó ní òun pẹ̀lú kò fọwọ́ sí i. Báyìí ni àpẹẹrẹ kan ṣe fìdí múlẹ̀ nínú ìwé: gómìnà ni ó jẹ̀bi, ọwọ́ kálífà mọ́. Àwọn òpìtàn fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí, wọ́n sì tún gbé e jáde fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, níbi tí kò ti bá ọ̀rọ̀ mu mọ́.

Ikọ̀ tí Kò Rí Kálífà

Ubayd Allah ibn al-Habhab, tí ó di gómìnà ní 734, kì í ṣe jagunjagun. Alábòójútó owó orí ni ó jẹ́ ní Íjíbítì kí ó tó dé Qayrawan. Níbẹ̀ ni ó ti fi kíráàtì kan lé orí dínárì kọ̀ọ̀kan nínú owó orí, tí àwọn Kristẹni ilẹ̀ náà tí à ń pè ní Kọ́ptì fi dìde ní nǹkan bí 725. Kálífà tí ó mú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, tí ó gbé e lọ sí ẹkùn mìíràn, kò lè ní òun kò mọ iṣẹ́ tí òun rán an. Èyí kò sí nínú ìdájọ́ àwọn òpìtàn. Ìwà rẹ̀ ni wọ́n dúró lé lórí, àti ti àwọn tí ó fi sípò: ọmọ rẹ̀ Ismail ní ilẹ̀ Sus, àti Umar ibn Abd Allah al-Muradi tí ó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ ní Tangier.

Al-Muradi ni wọ́n di ẹrù náà lé lórí jù. Wọ́n ní ó fẹ́ gba ìdá-márùn-ún àwọn Berber, nítorí pé lójú tirẹ̀ ìkógun Mùsùlùmí ni wọ́n. Òfin ìkógun ni pé ìdá kan nínú márùn-ún jẹ́ ti ìjọba. Ohun tí al-Muradi fẹ́ ṣe nìyí: kí ó ka ẹni tí ó ń kí ìrun mọ́ ẹrú àti ẹran tí a kó lójú ogun. Ibn Idhari fi kún un pé kò sí aláṣẹ tí ó ṣe irú rẹ̀ ṣáájú, pé àwọn tí wọ́n kọ̀ láti gba ẹ̀sìn nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Gbólóhùn yìí dá al-Muradi lẹ́bi, ó sì wẹ gbogbo àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ mọ́. Bí Ibn Idhari ti rántí Yazid ibn Abi Muslim tó, kò yẹ kí ó rọrùn fún un láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìtàn kan wà, síbẹ̀, tí al-Tabari fi sí ibi tí ènìyàn kò ní wá a sí. Ó wà lábẹ́ ìṣẹ́gun Ifriqiya ní ìgbà kálífà Uthman, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àádọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ ṣáájú ọ̀tẹ̀ náà. Sayf ibn Umar ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin tí àwọn onímọ̀ hadith kì í fọkàn tán. Maysara, ẹni tí yóò di olórí ọ̀tẹ̀, àti àwọn ọkùnrin mẹ́wàá ó lé díẹ̀ lọ bá Hisham. Wọn kò rí i. Al-Abrash, ọ̀kan nínú àwọn tí ó sún mọ́ kálífà, ni wọ́n ro ẹjọ́ fún. Wọ́n ní ọ̀gágun àwọn ń kó àwọn àti ọmọ ogun rẹ̀ jáde. Bí ìkógun bá wà, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ni ó ń pín in fún, yóò ní àwọn ni ó tọ́ sí jù. Bí wọ́n bá dó ti ìlú, àwọn Berber ni yóò ní kí ó ṣáájú, àwọn tirẹ̀ a dúró lẹ́yìn. Àwọn fara da ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí agbo ẹran àwọn, wọ́n ń la inú àgùntàn láti wá awọ funfun ara ọmọ tí a kò tíì bí fún kálífà, ọ̀pọ̀ àgùntàn sì ń ṣòfò nítorí awọ kan. Àwọn fara da ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń mú gbogbo ọmọbìnrin àwọn tí ó bá lẹ́wà. Àwọn kò rí èyí nínú Àlùkùránì tàbí nínú ìṣe Ànọ́bì. Ṣé kálífà ni ó pa á láṣẹ ni, tàbí òun kọ́?

Bí wọ́n ṣe to ẹjọ́ yìí yẹ ní kíkíyèsí. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ ń ké ìbòsí. Àwọn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpín ìkógun, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ogun tí ó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ òfin, wọ́n sì ń fi hàn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ibi tí sùúrù wọ́n dé. Àti pé ohun tí wọ́n fi ń wọn ìjọba náà ni ohun tí ìjọba náà fi kọ́ wọn. Nínú gbogbo ìwé tí a dárúkọ níbẹ̀rẹ̀, ó ṣòro láti rí ibòmíràn tí àwọn Berber ti sọ̀rọ̀ tí ó gùn tó èyí nípa ohun tí ó ń dùn wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí Sayf ti tún un ṣe, nítorí ó gún régé ju bí ẹni tí inú ń bí ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún un ṣe, ó ní láti jẹ́ pé ẹjọ́ báyìí ni àwọn ènìyàn gbà pé Berber ní, kì í ṣe ìwà ipá lásán.

Níhìn-ín ni àpẹẹrẹ gómìnà burúkú ti fọ́. Kálífà ni awọ àgùntàn náà wà fún. Ìbéèrè tí ikọ̀ náà fi parí ẹjọ́ wọn kì í ṣe ti gómìnà mọ́, al-Abrash kò sì mú ìdáhùn jáde fún wọn. Owó tí wọ́n mú wá tán. Wọ́n kọ orúkọ àti ìran wọn sínú ìwé, wọ́n fi í fún àwọn ìjòyè, wọ́n ní bí kálífà bá bèèrè àwọn, kí wọ́n sọ fún un. Wọ́n padà sílé, wọ́n sì pa aláṣẹ rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn dé ọ̀dọ̀ Hisham, ó bèèrè nípa àwọn ọkùnrin náà. Wọ́n gbé ìwé orúkọ wá, ó sì rí i pé àwọn kan náà ni. Al-Tabari sọ pé wọ́n kọ orúkọ, ó sọ pé wọ́n kà á. Kò kọ ọ́ fún òǹkàwé. Yàtọ̀ sí Maysara, kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ àwọn ọkùnrin tí wọ́n rin ìrìn-àjò láti Maghrib dé Síríà láti bèèrè ẹ̀tọ́ kí wọ́n tó mú idà.

Ogun tí Orúkọ Rẹ̀ Jẹ́ ti Ẹni tí Ó Pàdánù

Ogun ńlá àkọ́kọ́ wáyé nítòsí Tangier ní 740. Khalid ibn Abi Habib al-Fihri ni ó ṣáájú ọmọ ogun tí Ubayd Allah rán, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìdílé ńlá Lárúbáwá Ifriqiya sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n pa á, wọ́n pa àwọn náà. Àwọn òpìtàn pè é ní Ogun Àwọn Ọlọ́lá. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ọ̀kan nínú ìṣẹ́gun tí ó tóbi jù lọ tí Berber ní ń jẹ́ orúkọ àwọn Lárúbáwá tí wọ́n kú síbẹ̀, gbogbo ẹni tí ó kọ̀wé lẹ́yìn wọn, títí dé àwọn onímọ̀ òde òní, sì ń lo orúkọ náà bí wọ́n ṣe bá a.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe sí orúkọ àwọn tí wọ́n borí. Maysara ará Matghara ni wọ́n ń pè ní al-Haqir, ẹni yẹpẹrẹ. Wọ́n ní omi ni ó ń tà tẹ́lẹ̀. Omi títà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Iṣẹ́ tí orúkọ náà ń ṣe nínú ìtàn ni ó yẹ kí lámèyítọ́ wò: ó sọ ìṣubú àwọn ọlọ́lá di ohun ìtìjú tí ó ya ni lẹ́nu, kò jẹ́ kí òǹkàwé bèèrè bí ọmọ ogun tí ẹni yẹpẹrẹ kó jọ ṣe kọ́ iṣẹ́ ogun. Àwọn ènìyàn Maysara fúnra wọn ti pa á kí ogun yìí tó wáyé, wọ́n sì fi Khalid ibn Hamid al-Zanati rọ́pò rẹ̀. Ìwà Maysara ni ó yí padà, gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn ti wí. Ìyẹn nìkan ni àlàyé. Khalid ibn Hamid, tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ìṣẹ́gun méjèèjì, kò rí tó bẹ́ẹ̀ gbà. Kò sọ̀rọ̀ kankan nínú ìwé, a kò mọ bí ó ṣe rí, lẹ́yìn ogun kejì sì ni ó pòórá.

Nígbà tí Hisham gbọ́, wọ́n ní ó búra pé òun yóò bínú sí wọn ní ìbínú Lárúbáwá. Gbólóhùn kékeré ni, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu àwọn òpìtàn tó èyí. Olórí gbogbo Mùsùlùmí ni ẹni tí ó búra, Mùsùlùmí ni àwọn tí ó ń búra mọ́, ẹ̀yà ni ó sì fi búra. Ó yọ Ubayd Allah nípò ní 741, ó rán Kulthum ibn Iyad, ó fi Balj ibn Bishr tí ó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Kulthum ṣe igbákejì. Iye tí àwọn òpìtàn sọ pé ó tẹ̀ lé wọn jẹ́ 30,000: 27,000 láti àwọn ẹkùn Síríà, 3,000 láti Íjíbítì.

Ibi tí àwọn òpìtàn ti gbádùn ara wọn nìyí, ó sì hàn nínú bí ìtàn ṣe gùn. Balj dé Qayrawan pẹ̀lú ìgbéraga, ó ní kí àwọn ará ìlú má ṣe ti ilẹ̀kùn kí àwọn ará Síríà lè mọ ibi tí wọn yóò wọ̀ sí. Àwọn ará ìlú fi ẹjọ́ sun Habib ibn Abi Ubayda, ọ̀gágun àwọn Lárúbáwá Ifriqiya, tí a ti pè padà láti ogun Sísílì. Habib bínú. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjèèjì pàdé, díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n kọjú ìjà sí ara wọn. Habib mọ bí Berber ṣe ń jà, ó gba Kulthum ní ìmọ̀ràn pé kí ó fi ẹlẹ́sẹ̀ ko ẹlẹ́sẹ̀, kí ó fi ẹlẹ́ṣin ko ẹlẹ́ṣin. Kulthum kò gbà. Ní Bagdoura, lẹ́bàá odò Sebou, Kulthum kú, Habib kú, Balj sì bá tirẹ̀ sá lọ sí Ceuta.

Kò sí ìdí láti sọ pé ìjà yìí kò ṣẹlẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a kọ̀ ni pé òun ni ó fa ìṣẹ́gun. Kò sí ará Síríà kankan tí ó bá àwọn ará Ifriqiya jà ní Ogun Àwọn Ọlọ́lá, kò sí Balj tí yóò bú ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ wọ́n ṣẹ́gun wọn. Àti pé àwọn òpìtàn kan náà sọ ohun tí Berber ṣe ní Bagdoura, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Wọ́n so àpò awọ gbígbẹ tí wọ́n kó òkúta sí mọ́ ìrù abo ẹṣin tí a kò tíì kọ́, wọ́n lé wọn wọ àárín àwọn ẹlẹ́ṣin Síríà, ẹṣin àwọn ará Síríà sì dà rú. Balj kọlù wọ́n, ó sì là wọ́n kọjá. Nígbà tí ó bojú wẹ̀yìn, wọ́n ti padé, òun wà lápá kan, Kulthum àti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ wà lápá kejì. Àwọn tí wọ́n ṣe èyí mọ̀ pé ẹṣin ni agbára ará Síríà, wọ́n sì ti ronú ohun tí wọn yóò ṣe sí i kí ọjọ́ ogun tó pé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jẹ́ ọmọ ogun lábẹ́ àwọn Lárúbáwá fún ìran kan tàbí méjì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ará Sípéènì tí ó kọ̀wé ní Látìnì kò rí ọgbọ́n náà pàápàá. Tirẹ̀ ni pé àwọn Berber sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní ìhòòhò, ìbàǹtẹ́ nìkan ni ó wà nídìí wọn, ẹṣin àwọn ọ̀tá rí àwọ̀ ara wọn àti eyín funfun wọn, wọ́n sì pẹ̀yìn dà. Ẹṣin ni ó sá, awọ ara ni ó lé e. Kì í ṣe Mùsùlùmí, kò sì ní ìdí láti gbè sẹ́yìn Kulthum, síbẹ̀ òun náà kò rí ènìyàn tí ó ń ronú ní ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n borí.

Lẹ́yìn èyí, àwọn òpìtàn bá Balj la òkun kọjá lọ sí al-Andalus. Wọ́n sọ bí gómìnà Abd al-Malik ibn Qatan, arúgbó tí ó ti bá ará Síríà jà ní Medina ní 683, ṣe kọ́kọ́ kọ̀ láti gbà á, bí ó ṣe gbà á nígbà tí àwọn Berber ti Sípéènì náà dìde, bí àwọn ará Síríà ṣe bá a ṣẹ́gun wọn, tí wọ́n sì wá kan òun fúnra rẹ̀ mọ́gi láàrin ẹlẹ́dẹ̀ àti ajá. Ìtàn tí ó dùn ún kà ni. Ṣùgbọ́n kí àwọn òpìtàn tó parí rẹ̀, òǹkàwé ti gbàgbé pé àwọn kan wà ní Mòrókò tí wọ́n ń ṣe àkóso ara wọn. Khalid Yahya Blankinship, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1994 lórí ìjọba Hisham, fi hàn pé àwọn ogun bí èyí ni ó jẹ ọmọ ogun Síríà run, tí Umayyad kò fi ní ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ nígbà tí ọ̀tá dé láti ìlà-oòrùn. Ní ti ìṣírò ọmọ ogun, ó ṣòro láti tako o. Ṣùgbọ́n orí àga Dàmásíkù ni òun náà ti ń wo Bagdoura, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀.

Gómìnà tí Kò Fẹ́ Ta Ẹ̀jẹ̀ Sílẹ̀

Hanzala ibn Safwan ni gómìnà rere inú ìtàn náà. Ó dé láti Íjíbítì ní 742 nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì ń bọ̀ wá sí Qayrawan, ọ̀kan lábẹ́ Ukasha al-Fazari, èkejì lábẹ́ Abd al-Wahid ibn Yazid al-Hawwari. Ó ṣẹ́gun Ukasha ní al-Qarn, ó sì ṣẹ́gun Abd al-Wahid ní al-Asnam. Wọ́n ní al-Layth ibn Sa'd, àgbà nínú àwọn onímọ̀ òfin Íjíbítì tí ó kú ní 791, sọ pé lẹ́yìn ogun Badr, kò sí ogun tí ó wu òun láti bá wọn jà tó ti al-Qarn àti al-Asnam. Badr ni ogun tí Ànọ́bì bá àwọn kèfèrí Mẹ́kà jà. Ẹni tí ó bá fi al-Asnam wé Badr ti sọ ẹni tí ó ka àwọn tí wọ́n kú níbẹ̀ sí.

Iye tí Ibn Idhari fún àwọn òkú al-Asnam jẹ́ 180,000. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ gbà á bí ìṣírò. Àmì ni: àwọn òkú Lárúbáwá ní 740 ní orúkọ, àwọn òkú Berber ní 742 ní iye. Orúkọ Ukasha pàápàá kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé al-Fazari jẹ́ orúkọ tí ó ti ìran Lárúbáwá wá. Àwọn òpìtàn kọ ọ́ sílẹ̀, wọn kò sì bèèrè ohun tí ó mú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wá sí iwájú ogun tí wọ́n pè ní ti Berber. Ramzi Rouighi, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2019, jiyàn pé orúkọ náà "Berber," gẹ́gẹ́ bí orúkọ fún ènìyàn kan ṣoṣo, jẹ́ ohun tí àwọn tí wọ́n ń kọ̀wé ní èdè Lárúbáwá dá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ukasha jẹ́ ẹ̀rí tí ó gbè é lẹ́yìn. Àwọn òpìtàn ní àlàyé mìíràn tí wọ́n ń lò fún irú rẹ̀: ẹ̀kọ́ Sufri, ẹ̀ka kan nínú ẹgbẹ́ Khawarij, tí wọ́n ní ó ti Iraq wá. Ẹ̀kọ́ náà wà lóòótọ́, ó sì sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ́ olódodo lè ṣe olórí Mùsùlùmí, ìran yòówù kí ó ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kọ́ ni ó la inú àgùntàn. Ibn Khaldun tún gba ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ Ibn Abi Zayd ará Qayrawan pé ìgbà méjìlá ni Berber fi ẹ̀sìn sílẹ̀. Ó rọrùn láti ka ìgbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ka ìgbà tí a lé wọn kúrò nínú ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ìparí ìtàn Hanzala ni àwọn òpìtàn fi yìn ín jù. Abd al-Rahman ibn Habib, ọmọ Habib tí ó kú ní Bagdoura, ti bá Balj sá lọ sí al-Andalus. Ó padà sí Tunis ní 744, ó sì kó ogun jọ sí gómìnà. Hanzala ní agbára láti bá a jà. Wọ́n ní kò ṣe é, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ Mùsùlùmí ta sílẹ̀ nítorí òun. Ó mú ìwọ̀nba owó tí yóò gbé e délé, ó sì kúrò ní Qayrawan.

Kò sí ìdí láti ṣiyèméjì pé Hanzala jẹ́ olùfọkànsìn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kú ní al-Asnam ń kí ìrun, Àlùkùránì ni wọ́n ń kà, lórúkọ ẹ̀sìn náà ni wọ́n sì ṣe dìde. Òpìtàn tí ó kọ 180,000 àti òpìtàn tí ó kọ "ẹ̀jẹ̀ Mùsùlùmí" jẹ́ ẹnì kan náà, láàrin ojú ìwé díẹ̀ sí ara wọn, kalámù rẹ̀ kò sì dúró.

Ní ìwọ̀-oòrùn, ibi tí Hanzala kò dé, àwọn Barghawata ti dá ìjọba tiwọn sílẹ̀ ní etí òkun. Tarif, tí ìran tí ó jọba lórí wọn ti ṣẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá Maysara jà. Ní 757, àwọn Sufri tẹ Sijilmasa dó ní etí aṣálẹ̀. Gómìnà Lárúbáwá kankan kò sí ní ibi méjèèjì.